Wárápá ọmọdé: Kí ló ń mú kí ìwà ọmọ yí padà, kí sì ló yẹ kí òbí ṣe kó tó dá òògùn dúró?

Gìrì ti dáwọ́ dúró. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọmọ ọdún méje náà ti ń lo òògùn wárápá, kò sì tíì ṣubú lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó máa ń ṣeré jẹ́ẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ń gé àbúrò rẹ̀ jẹ, tí kì í jókòó sójú kan, tó sì ń ju àwo mọ́lẹ̀ tí wọ́n bá ní kó wá jẹun. Ìyá rẹ̀ ń wo ìgò òògùn, ó ń wo ọmọ, ó sì ń rò ó lọ́kàn pé bóyá kí òun da òògùn náà nù.

Kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó nìyí, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé tó ní ọmọ tó ń ṣàìsàn wárápá mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó.

Bí ìyá náà bá da òògùn nù lónìí, ara ọmọ lè balẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí gìrì tí kò ní tètè lọ sì dé lọ́jọ́ kẹta. Bó bá sì ń fún un lọ bẹ́ẹ̀ láì sọ fún ẹnikẹ́ni, ọmọ lè pàdánù ilé ìwé àti ọ̀rẹ́, àlàáfíà inú ilé náà sì lè dàrú.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ wádìí ni ibi tí ìwà tuntun yìí ti ń wá. Ó lè ju ibì kan lọ, ìtọ́jú wọn kò sì rí bákan náà.

Kí ni wárápá, kí ló sì kan ìwà ọmọ níbẹ̀?

Iná mànàmáná kékeré ni àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Tí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá tan iná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́nà tí kò tọ́, ohun tó ń yọrí sí ni gìrì. Tí gìrì bẹ́ẹ̀ bá ń padà wá, láìjẹ́ pé ibà tàbí nǹkan mìíràn ló fà á lójú ẹsẹ̀, àwọn dókítà á pè é ní wárápá.

Èyí yàtọ̀ sí gìrì tó máa ń mú ọmọ kékeré tí ara rẹ̀ bá gbóná gan-an, èyí tó sábà máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ bí ọmọ bá ti ń dàgbà.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 50 èèyàn ló ní wárápá káàkiri àgbáyé, àti pé nǹkan bí 80 nínú 100 wọn ló ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò ti fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Àjọ náà ní tí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì rí òògùn tó yẹ lò, nǹkan bí 70 nínú 100 wọn lè máa gbé ayé wọn láìsí gìrì.

Ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, lára ohun tó ń fa wárápá ọmọdé ni kí ọmọ má rí afẹ́fẹ́ mí tó nígbà ìbí, ibà tó wọ ọpọlọ, àti àrùn meningitis tó ń mú ọrùn gan, tó máa ń jà ní àríwá Nàìjíríà, Niger àti Burkina Faso nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ kíyè sí i pé ọpọlọ ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí ń bà jẹ́. Inú ọpọlọ kan náà tí gìrì ti ń wá ni ìbínú, ìbẹ̀rù, ìrántí àti ìfarabalẹ̀ ń gbé. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu bí ọ̀kan bá kan èkejì.

Ọ̀kan lára ìwádìí tó kọ́kọ́ fi èyí hàn gbangba wáyé ní erékùṣù Isle of Wight ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí Michael Rutter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1970. Nínú 100 ọmọ lápapọ̀, nǹkan bí 7 ló ní ìṣòro ìwà tàbí ti ọkàn. Láàárín àwọn ọmọ tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí kò kan ọpọlọ, wọ́n tó 12. Láàárín àwọn tó ní wárápá nìkan, wọ́n tó 29. Tí ọpọlọ ọmọ tó ní wárápá bá tún ti fara pa, wọ́n tó 58.

Ìwádìí mìíràn tó jáde ní Britain lọ́dún 2003 fi wárápá wé ìtọ̀ ṣúgà. Nínú 100 ọmọ tó ní wárápá, 37 ló ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, 11 ni, láàárín àwọn ọmọ yòókù, 9 ni.

Ọmọ tó ní ìtọ̀ ṣúgà náà kò yéé lọ sí ilé ìwòsàn, òun náà ń gba abẹ́rẹ́, òbí rẹ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ sùn. Nítorí náà kì í ṣe wàhálà àìsàn nìkan ló ń yí ìwà ọmọ padà.

Ní Nàìjíríà, Adewuya àti Ola ṣe ìwádìí láàárín àwọn ọ̀dọ́ 102 tó ní wárápá, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 12 sí 18, èsì rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2005. Nǹkan bí 31 nínú 100 wọn ni àníyàn àti ìbẹ̀rù ti di àìsàn sí lára, nǹkan bí 28 sì ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Àwọn tí gìrì wọn kò tíì dúró, àwọn tó ń lo òògùn tó ju ẹyọ kan lọ, àti àwọn tó gbà pé ayé ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn ló wà nínú ewu jù.

Irú ọmọ tó rẹ̀wẹ̀sì yìí kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Kàkà kó fọ́ àwo, ṣe ló máa ń dákẹ́, ìdí nìyẹn tí ilé àti ilé ìwé fi lè gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Gìrì tí kò jọ gìrì

Kì í ṣe gbogbo gìrì ló ń gbé èèyàn ṣubú. Irú kan wà tó jẹ́ pé ọmọ á kàn dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á ranjú sí ibì kan fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, lẹ́yìn náà á máa bá ohun tó ń ṣe lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ọjọ́ kan.

Tíṣà tó ń kọ nǹkan sójú pátákó á rò pé ọkàn ọmọ náà kò sí ní kíláàsì. Tó bá bi í ní ìbéèrè, ọmọ kò ní mọ ibi tí wọ́n ti bá ẹ̀kọ́ dé. Ẹgba ló sábà máa ń tẹ̀lé e, ẹgba kò sì wo gìrì sàn rí.

Nínú irú mìíràn, ẹ̀rù á dédé ba ọmọ, á sáré lọ dì mọ́ ìyá rẹ̀, á máa ṣe ẹnu bí ẹni ń jẹun, á máa fọwọ́ fa bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Òmíràn jẹ́ ti òru: ọmọ á figbe ta lójú oorun, á máa jù ẹsẹ̀ bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di ti ẹ̀mí. Láàárín Yorùbá, wọ́n lè ní emèrè ni, pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pè é. Láàárín àwọn Hausa, tó ń pe wárápá ní farfaɗiya, ọ̀pọ̀ gbà pé àlùjọ̀nnú ló wọ inú ọmọ. Lọ́nà méjèèjì, ọ̀dọ̀ ẹni tó máa lé nǹkan jáde lára ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lọ, oṣù sì ń gorí oṣù.

Báwo lẹ ṣe lè fura pé gìrì ni, kì í ṣe ìbínú lásán? Ìbínú sábà máa ń ní ìdí: wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ, tàbí wọ́n ní kó ṣe ohun tí kò fẹ́. Ọmọ tó ń bínú á máa wojú yín bóyá ẹ ti rí òun. Gìrì máa ń dédé dé ni, kì í sábà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, bó ṣe rí lánàá ló máa rí lónìí, ọmọ kò sì ní dáhùn tí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀.

Ohun tó dára jù tí ẹ lè gbé lọ fún dókítà ni fídíò tí ẹ fi fóònù ká. Dókítà kì í sábà sí níbẹ̀ nígbà tó bá ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn gìrì ńlá, ọpọlọ ọmọ lè má tíì padà sípò fún ìṣẹ́jú mélòó kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí àwọn èèyàn bá dì í mú mọ́lẹ̀ lásìkò yìí, ó lè máa jà, kó máa ta ẹsẹ̀, kó tilẹ̀ gbá ẹni tó fẹ́ràn jù létí. Kò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ dúró tì í, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, ẹ má dì í mú àyàfi tó bá ń lọ sínú ewu.

Àrùn kan tó ṣọ̀wọ́n tún wà, tí William Landau àti Frank Kleffner kọ́kọ́ ṣàlàyé lọ́dún 1957. Ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa, tó sábà wà láàárín ọdún 3 sí 8, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí adití, ọ̀rọ̀ á máa pòórá lẹ́nu rẹ̀, á sì di onínúfùfù. Ojú oorun ni iná ọpọlọ rẹ̀ ti ń dàrú jù, ẹ sì lè má rí gìrì kankan.

Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń sọnù lẹ́nu rẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ nílé. Àyẹ̀wò EEG, èyí tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ orí láti fi ka iná ọpọlọ, lè fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ hàn. Kì í dunni, wọn kì í sì í fi iná kankan sínú orí ọmọ.

Ṣé òògùn lè sọ ọmọ di oníjàgídíjàgan?

Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan lè ṣe é fún àwọn ọmọ kan.

Phenobarbital ti wà láti ọdún 1912. Kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè rí i ní ilé ìwòsàn kékeré níbi tí kò ti sí òmíràn. Àgbàlagbà tó bá lò ó, oorun ló máa ń kùn ún. Àwọn ọmọdé kan ńkọ́? Òdìkejì rẹ̀ ni: wọn kò ní jókòó, wọn kò ní sùn, inú á sì máa bí wọn. Ìlànà WHO fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ní kí wọ́n yẹra fún un tí ọmọ bá ti ní ìṣòro ìwà tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ kò dàgbà bó ṣe yẹ, bí òògùn mìíràn bá wà.

Levetiracetam, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Keppra, jẹ́ òògùn tó dára púpọ̀ fún dídá gìrì dúró. Síbẹ̀, àwọn ọmọ kan tó ń lò ó máa ń tètè bínú, wọ́n máa ń sunkún láìnídìí, àwọn mìíràn a sì máa jà.

Carbamazepine àti valproate kì í sábà fa ìwà bẹ́ẹ̀ tó ìyẹn, àmọ́ wọ́n ní tiwọn. Valproate lè ṣe ọmọ inú oyún níjàǹbá, nítorí náà dókítà gbọ́dọ̀ ronú dáadáa kó tó fún ọmọbìnrin tó ń bàlágà.

Àmọ́ ẹ má tíì dá òògùn lẹ́bi. Ìwádìí kan tí Joan Austin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2001, fi hàn pé nǹkan bí ọmọ kan nínú mẹ́ta ló ti ní ìṣòro ìwà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé gìrì ń mú un, ìyẹn kí wọ́n tó fi òògùn kankan kan ẹnu.

Ọjọ́ ló máa sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí fún yín. Ṣé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ òògùn, tàbí tí wọ́n fi kún un, ni ìwà náà dé? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òògùn. Ṣé ó ti wà tẹ́lẹ̀, tí ẹ kàn ń pè é ní orí kunkun? Ibòmíràn ni ẹ máa wá a sí.

Tó bá sì jẹ́ òògùn ni, dókítà lè dín in kù, ó lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì. Tí wọ́n bá dá òògùn wárápá dúró lójijì, gìrì lè dé léraléra láìjẹ́ kí ọmọ jí láàárín wọn, ó sì lè gba ẹ̀mí ọmọ. Phenobarbital wà lára àwọn tí èyí burú jù fún.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2023, GSK kéde pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀, Sanofi náà sì gbé títa òògùn rẹ̀ fún ẹlòmíràn lórílẹ̀-èdè náà. Ilé iṣẹ́ méjèèjì ní òògùn wárápá lára ohun tí wọ́n ń ṣe, owó òògùn sì ti gbẹ́nu sókè láti ìgbà náà. Òbí tó ń pín hóró kan sí méjì kó lè pẹ́ kì í ṣe òbí burúkú, àmọ́ ewu ló ń fà. Ó sàn kó sọ fún dókítà pé òun kò lówó, kí wọ́n jọ wá èyí tó rọrùn láti rà.

Nígbà tó jẹ́ pé àwa la ń dá kún un

Wárápá kì í ràn. Itọ́ ọmọ kò lè kó o ràn ẹnikẹ́ni, ṣíbí rẹ̀ kò lè kó o ràn ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń jẹun nínú àwo tó dá yàtọ̀, tí ọmọ ilé kejì ń sá fún, tí ilé ìwé sì ti ní kí òbí rẹ̀ mú un padà sílé. Ọmọ tí wọ́n ṣe báyìí fún, tó wá ń jà kiri, kò dìgbà tí ènìyàn bá wá ọpọlọ rẹ̀ lọ kó tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. “Ẹ má jẹ́ kó sunkún o, gìrì á gbé e.” Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ kò gbọdọ̀ gbálẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún un pé rárá, àwọn ẹ̀gbọ́n ló sì ń jìyà rẹ̀. Ohun tó sábà máa ń fa gìrì fún ọmọ tó ní wárápá ni àìlo òògùn déédéé, àìsùn tó àti ibà. Kí òbí sọ pé rárá kò sí lára rẹ̀. Ọmọ tó ní wárápá náà nílò òfin ilé, kí wọ́n sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún un.

Ti àgbo wá ńkọ́? Ní ilẹ̀ Yorùbá, àgbo ìtọ̀ màlúù, tí wọ́n ń fi ewé tábà, efínrin, áyù àti àlùbọ́sà sí, ni wọ́n ti ń fún ọmọ tó ní gìrì láti ayébáyé. Ìwádìí àwọn dókítà Nàìjíríà ti fi hàn pé ó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kù, ó sì ń mú kí mímí rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ọpọlọ tí kò rí ṣúgà tó ń bàjẹ́ sí i ni, gìrì àti ìwà ọmọ yóò sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi ẹsẹ̀ ọmọ sínú iná tàbí títa ata sí i lójú: ojú àpá ló ń fi sílẹ̀, kì í jí ọmọ.

Ta ló máa gbọ́ ẹjọ́ òbí?

Dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ ọmọdé kò pọ̀ ní agbègbè wa, ìlú ńlá sì ni wọ́n wà. Nítorí èyí ni ètò kan tó ń jẹ́ BRIDGE ṣe kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé àti àdúgbò ní Kano, Kaduna àti Zaria bí wọ́n ṣe máa dá wárápá ọmọdé mọ̀, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Ní Ghana, ìjọba àti WHO bẹ̀rẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2012.

Ètò wọ̀nyí dára. Síbẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi òbí nílé ìwòsàn ni pé ẹ̀ẹ̀melòó ni gìrì mú ọmọ láti ìgbà tí ẹ ti wá kẹ́yìn. Tí òbí bá ní kò mú un mọ́, inú gbogbo èèyàn á dùn, wọ́n á pe ẹni tó kàn. Bí ẹ kò bá dá ọ̀rọ̀ ìwà ọmọ sílẹ̀ fúnra yín, ó lè má jáde.

Nítorí náà, ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí gìrì mú ọmọ síbẹ̀, ọjọ́ tí òògùn yí padà, bó ṣe sùn, àti ọjọ́ tí ìwà rẹ̀ le. Ẹ kọ bí ìwà rẹ̀ ṣe rí kó tó bẹ̀rẹ̀ òògùn. Ẹ béèrè ohun tí tíṣà rẹ̀ ń rí ní kíláàsì.

Tó bá jẹ́ àìfarabalẹ̀ ló ń yọ ọmọ lẹ́nu, ìtọ́jú wà fún un pẹ̀lú. Wọ́n lè kọ́ òbí àti tíṣà bí wọ́n ṣe máa bá a lò, dókítà sì lè fi òògùn kún un tó bá nílò rẹ̀, kó máa ṣọ́ ọ lójú méjèèjì. Níní wárápá kò ní kó má rí ìtọ́jú yẹn gbà.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò lè dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Bí ọmọ bá ń sọ pé òun fẹ́ kú, bó bá ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, tàbí bí ìwà rẹ̀ bá yí padà pátápátá láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn òògùn tuntun, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ sì mú ìgò òògùn dání.

Tí gìrì bá mú un, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ẹ má fi ṣíbí tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ sì wo aago. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí òmíràn tẹ̀ lé e kó tó jí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín jù.